Ọ̀nà Birdsville Lẹ́yìn Ìkún Omi

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ibi tí omi ti lè dí ọ̀nà mọ́ ènìyàn láìjẹ́ pé ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo bọ́ sí i lórí, kí ó wá sí ọ̀nà Birdsville, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Ọsirélíà, ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ tí ó gùn ju 500 kìlómítà lọ, tí ó gbéra láti ìlú kékeré Marree ní ìpínlẹ̀ South Australia, tí ó sì la aṣálẹ̀ já títí ó fi dé Birdsville, ní etí ààlà ìpínlẹ̀ Queensland. Òjò ibẹ̀ kò tó 200 mìlímítà lọ́dún. Oòrùn ibẹ̀ kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Òkúta pupa wẹ́wẹ́ tẹ́ rẹrẹ lọ títí ojú kò fi tó o mọ́. Síbẹ̀, ní ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ yìí gan-an ni omi ti ń jọba, omi abùwẹ̀, omi abùmu, a-rìn-láìlẹ́sẹ̀, alágbára tí í fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wó ògiri. Nígbà tí ó bá sì ń kọjá, àti olówó àti tálákà, àti onímọ́tò tuntun àti onímọ́tò ògbólógbòó, gbogbo wọn ni yóò dúró dè é.

Ó pẹ́ tí mo ti ń fi ọkọ̀ akẹ́rù ná ọ̀nà yìí; mo mọ̀ ọ́n nígbà tí ó gbẹ táútáú, mo sì mọ̀ ọ́n nígbà tí ìkún omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sẹ́yìn lórí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí: pé iṣẹ́ tí ó tóbi jùlọ lọ́wọ́ awakọ̀ lẹ́yìn ìkún omi ni dídúró, àti pé ẹ̀mí tirẹ̀ nìkan kọ́ ni ó ń torí rẹ̀ dúró, ó ń dúró nítorí ọ̀nà fúnra rẹ̀, àti nítorí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí omi náà ti ń rìn. Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Èmi náà sì ti rí i pé awakọ̀ tí kò bá bèèrè orísun odò, inú odò ni yóò ti mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ tí gbogbo omi rẹ̀ ń ṣàn wọ adágún Kati Thanda, èyí tí àwọn òyìnbó sọ ní Lake Eyre, fẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́fà ilẹ̀ Ọsirélíà, ó sì tóbi ju Nàìjíríà lódindi lọ. Ìsàlẹ̀ adágún náà fi nǹkan bí mítà 15 rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ, kò sì sí ibi tí ó rẹlẹ̀ tó o ní gbogbo ilẹ̀ náà. Nítorí èyí, omi ibẹ̀ kò mọ ọ̀nà òkun. Georgina, Diamantina àti Cooper, àwọn odò mẹ́ta tí wọ́n ti Queensland ṣàn wá, àárín ilẹ̀ ni wọ́n ń dorí kọ. Nígbà tí òjò ńlá bá rọ̀ ní apá àríwá ní ìgbà ooru wọn, láti December títí dé March, ilẹ̀ náà tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀ tí omi kò fi rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí yóò sáré gbà; ṣe ni ó ń tàn ká àìmọye ipa odò tóóró, tí ó ń fẹ̀ sọ́tùn-ún, tí ó ń fẹ̀ sósì, tí ó ń rọra wọ́ bọ̀, títí ọ̀sẹ̀ yóò fi di oṣù. Ẹni tí ó wà ní Marree lè máa wo ojú ọ̀run tí ó mọ́ kedere, tí kò ní àwọsánmà kan, kí ó má mọ̀ pé òjò tí ó ti rọ̀ lókèèrè ní oṣù méjì sẹ́yìn ni yóò wá ká òun mọ́nà lọ́la. Ní 1974, adágún náà kún ju bí a ti rí i kọ sílẹ̀ rí. Ní 2025 pẹ̀lú, ìkún omi tí ó ya bo ìwọ̀-oòrùn Queensland ga ju ti 1974 lọ ní ibi púpọ̀, ó sì pa màlúù àti àgùntàn lọ jàra, kí ó tó rọra wọ́ wá sí South Australia.

Mọ́tò kọ́ ni ó kọ́kọ́ la ọ̀nà yìí. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn darandaran ni ó ń da màlúù gba ibẹ̀ láti Queensland wá sí Marree, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró dè wọ́n. Àwọn oníràkúnmí, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí láti ìhà Afghanistan àti Íńdíà, ni ó sì ń kó ẹrù lọ, tí wọ́n ń kó ẹrù bọ̀, àwọn ni wọ́n sì kọ́ mọ́ṣáláṣí sí Marree, ọ̀kan nínú àwọn mọ́ṣáláṣí tí ó kọ́kọ́ wà ní Ọsirélíà. Lẹ́yìn wọn ni Tom Kruse dé, akọni awakọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà àti oúnjẹ gba ọ̀nà yìí ní 1936, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri nígbà tí John Heyer ṣe fíìmù tí ó pè ní The Back of Beyond ní 1954. Páànù irin ni Kruse ń tẹ́ sábẹ́ táyà kí ọkọ̀ rẹ̀ lè gun òkè iyanrìn. Nígbà tí Cooper sì kún ní 1949, ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń gbé lẹ́tà àti ẹrù sọdá. Ọ̀kan nínú ọkọ̀ ìgbà náà, tí a sọ ní Tom Brennan, ṣì wà lẹ́bàá ọ̀nà títí di òní fún ìrántí. Láyé òde òní, bí Cooper bá kún, ìjọba a máa gbé ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan síbẹ̀ láti máa fi gbé àwọn ọkọ̀ kéékèèké sọdá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá kò sí nínú ìyẹn; tiwa ni kí a yí gba ibi tí ó jìn, tàbí kí a dúró. Nígbà tí mo bá ro ti àwọn aṣíwájú wọ̀nyí, tí wọn kò ní ohun tí a ní lónìí, ohun tí í wú mi lórí jù ni pé ìgboyà wọn àti sùúrù wọn jọ ń gbé inú ilé kan ni. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Nígbà tí omi bá wà lórí ọ̀nà, tàbí tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ìjọba a máa ti ọ̀nà náà pa. A ó gbé pátákó síta ní Marree àti ní Birdsville, tí yóò máa sọ apá tí ó ṣí àti apá tí a tì, ẹni tí ó bá sì rọ́ kọjá yóò san owó ìtanràn. Àlejò púpọ̀ a máa rò pé ìyà ni ìjọba fi ń jẹ wọ́n, tàbí pé ààbò ẹ̀mí tiwọn nìkan ni ó fà á. Bí wọ́n bá sì ní ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọn a ní àwọn lè fi ẹ̀mí àwọn wéwu bí ó bá wu àwọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ amọ̀ tí ó ti mu omi yó a máa wú, a sì máa rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ọkọ̀ wúwo kan ṣoṣo tí ó bá gbà á kọjá ní ọjọ́ yẹn yóò gé e jinlẹ̀ títí dé áásù. Nígbà tí oòrùn bá sì pa á fún ọ̀sẹ̀ kan, poro tí táyà gé náà yóò gan pa, kò sì ní í lọ mọ́ títí gírédà yóò fi ti ọ̀nà jíjìn wá láti tẹ́ ẹ. Ní gbogbo àkókò náà, ẹni tí ó fi ọkọ̀ gé ilẹ̀ ti padà sí ìlú ńlá, ó ń sùn lórí ibùsùn rẹ̀. Ìyá tí ó ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná láti oko màlúù lọ sí pápá tí ọkọ̀ òfuurufú àwọn dókítà Royal Flying Doctor Service ti ń balẹ̀, ẹgbẹ́ tí John Flynn dá sílẹ̀ ní 1928, òun ni poro náà ń gbọ̀n jìgìjìgì. Ọmọ onílẹ̀ a tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Àjòjì a tẹ̀ ẹ́ basubasu. N kò mọ òwe mìíràn nínú èdè wa tí ó bá ọ̀ràn yìí mu tó bẹ́ẹ̀, èmi tí mo jẹ́ àjòjì lórí ilẹ̀ yìí sì ti fi í ṣe òfin ara mi.

Dídúró ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú. Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ní ọgbọ́n tí a fi ń bèèrè rẹ̀. Bí a bá kàn bi ènìyàn pé, “Ṣé ọ̀nà dára?”, ohun tí ó wù ú ni yóò fi dáhùn. Èmi a máa bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń sin màlúù ní etí ọ̀nà, àti lọ́wọ́ àwọn ará ilé ìtura tí ó wà ní Mungerannie, ní nǹkan bí agbedeméjì ìrìn náà, pé: ta ni ó gbà á kọjá kẹ́yìn, irú ọkọ̀ wo ni ó wà, ọjọ́ wo ni, òjò ha ti rọ̀ láti ìgbà náà bí, ibo ni ó sì ti sọ̀kalẹ̀ wo ilẹ̀ kí ó tó kọjá? Láàárín ìgbà tí mo ń dúró, mo ń wo abẹ́ ọkọ̀, mo ń di gbogbo nọ́ọ̀tì tí ó ti dẹ̀, mo ń yẹ ìsọ̀ ẹrù wò. Bí ọkàn ẹnikẹ́ni bá sì ń gbóná nítorí pé ọjọ́ ń lọ, kí ó rántí Donald Campbell, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó gbé ọkọ̀ Bluebird wá sí ojú iyọ̀ gbígbẹ adágún Eyre ní 1963, kí ó lè sáré ju gbogbo ayé lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni òjò gidi kò ti rọ̀ níbẹ̀. Bí Campbell ti dé ni òjò dé, ojú iyọ̀ di ẹrẹ̀, ọkọ̀ tí a ná owó gọbọi lé lórí sì jókòó kalẹ̀. Ó di oṣù July 1964 kí ó tó rí ilẹ̀ tí ó gbẹ tó láti sá eré 403 máìlì ní wákàtí kan. Bí ọkọ̀ tí a kọ́ láti yára jùlọ láyé bá dúró kí ilẹ̀ gbẹ, ta ni èmi tí mo ru ìyẹ̀fun àti epo dísẹ̀ tí n kò ní dúró?

Nígbà tí a bá wá ṣí ọ̀nà, ojú ni awakọ̀ yóò fi wà á kí ó tó fi ọwọ́ wà á, nítorí omi a máa yí ìwà ilẹ̀ padà. Òkè iyanrìn tí ó ń gbé táyà mì ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ a máa le lẹ́yìn òjò, ọkọ̀ a sì gùn ún wẹ́rẹ́. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ amọ̀ tí ó wà láàárín òkè kan àti èkejì, tí à ń fi eré kọjá lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, a wá di ọ̀tá. Ní aṣálẹ̀ olókùúta tí Charles Sturt là kọjá ní 1845, tí a sì fi orúkọ rẹ̀ pè, òkúta bo ilẹ̀, omi a sì tètè ṣàn kúrò, ṣùgbọ́n àgbàrá a ti gbẹ́ ibi tí ọ̀nà bá ti rẹlẹ̀ di kòtò, a kì í sì í rí kòtò náà títí táyà iwájú yóò fi dé ẹnu rẹ̀. Èyí tí ó lẹ́tàn jù ni amọ̀ tí òkè rẹ̀ gbẹ tí abẹ́ rẹ̀ tutù: ojú rẹ̀ a bò bí ìgbà tí ògì gbígbóná bá di lójú nínú àwo, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n a rò pé ó ti dì dénú. Àwọ̀ ni mo ń wò. Ilẹ̀ tí ó funfun, tí ó sán, tí etí rẹ̀ sì ká sókè, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Èyí tí ó dúdú díẹ̀ tí ó ń dán, omi ń bẹ lábẹ́ rẹ̀. Mo ń wo ẹsẹ̀ màlúù àti ẹsẹ̀ kangaroo tí ó gba ibẹ̀ kọjá, bí ó ti wọlẹ̀ tó. Bí iyèméjì bá ṣì kù, mo ń sọ̀kalẹ̀, mo ń fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo ń dín afẹ́fẹ́ táyà kù kí ó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, n kì í sì í yà kúrò lójú ọ̀nà lọ sínú pápá láti sá fún ẹrẹ̀, nítorí ẹni tí ó yà lónìí ti la ọ̀nà ẹ̀bùrú fún ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ lọ́la, koríko tí ó sì yẹ kí ó hù níbẹ̀ kò ní í hù mọ́ fún ọdún púpọ̀.

Bí omi bá ṣì wà lójú ọ̀nà, a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn bí odò ti jìn tó. Omi tí ó bá ń sáré, bí kò tilẹ̀ ju orúnkún lọ, lè gbé ọkọ̀ kékeré lọ pátápátá. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, ìbáà ṣe pẹ̀lú ọkọ̀ tàbí pẹ̀lú ẹsẹ̀. Omi tí ó dúró jẹ́ẹ́ ni a lè fi ọ̀pá wọ̀n, kí a rìn ín já ní àlọ àti ní àbọ̀, nítorí ìsàlẹ̀ tí a mọ̀ ní oṣù tí ó kọjá lè má sí níbẹ̀ mọ́. Ìkún omi ti lè kó o lọ, kí ó sì fi igi tàbí ihò rọ́pò rẹ̀. Kí a tó wọ̀ ọ́, ọkọ̀ ní láti sinmi kí ara rẹ̀ tutù, nítorí irin gbígbóná tí ó bá ṣàdédé bọ́ sínú omi tútù a máa fa omi wọ inú gíríìsì. Gíà tí ó lágbára ni a ó fi sí, a ó máa lọ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ láìdúró, a kò sì ní í yí gíà padà láàárín omi. Bí ẹ́ńjìnnì bá fi imú mu omi pẹ́nrẹ́n, ó kú nìyẹn. Nígbà tí a bá gòkè, a ó máa tẹ búréèkì díẹ̀díẹ̀ kí ó lè gbẹ. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí: oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìkún omi, koríko a ga, yóò sì gbẹ, èso rẹ̀ a dí ojú rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná, pòròpórò rẹ̀ a sì há sára páìpù èéfín lábẹ́ ọkọ̀, iná a sì ti ibẹ̀ ràn. Ibi tí a bá ti dúró sinmi ni mo ti ń fi ọwọ́ tu ú kúrò.

Ẹrù tí a ó gbé kò lópin, ṣùgbọ́n omi ni olórí: omi mímu tí yóò tó gbogbo ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ ju ọjọ́ tí ìrìn gbà lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni oúnjẹ, epo, táyà àfikún méjì, ṣọ́bìrì, rédíò tí a fi ń bá ọkọ̀ mìíràn sọ̀rọ̀, àti fóònù tí ń lo sátẹ́láìtì, nítorí fóònù àpò lásán kò wúlò ní ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀nà náà. A ó sọ fún ẹnì kan pé ọjọ́ báyìí ni a ó dé. Bí ọkọ̀ bá sì rì tàbí tí ó bà jẹ́, ẹ má ṣe kúrò lẹ́bàá rẹ̀, nítorí ojú a máa tètè rí ọkọ̀ láti òfuurufú ju ènìyàn lọ. Ní December 1963, ìdílé kan tí ó jẹ́ ẹni márùn-ún kú sí ẹ̀bá ọ̀nà yìí: epo wọn tán, omi wọn kò tó, wọ́n sì fi ọkọ̀ sílẹ̀. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a rí irú rẹ̀ mọ́.

Ikú mìíràn tún wà tí ó yẹ kí gbogbo àjòjì máa rántí. Ní 1861, Robert O'Hara Burke àti William John Wills, àwọn tí wọ́n fẹ́ la Ọsirélíà já láti gúúsù dé àríwá, kú sí etí odò Cooper kan náà yìí, odò tí ẹja wà nínú rẹ̀, níbi tí àwọn Yandruwandha, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ti ń gbé taya tọmọ, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń mu. John King nìkan ni ó yè nínú àwọn tí ó ṣẹ́kù síbẹ̀, nítorí pé ó fi ara rẹ̀ sábẹ́ àwọn onílẹ̀, wọ́n sì bọ́ ọ títí a fi wá a rí. Àwọn Diyari àti Arabana náà ti mọ ìrìn omi ní apá gúúsù ọ̀nà yìí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kí òyìnbó tó fi pátákó síbẹ̀. Ìmọ̀ wọn ti wà nílẹ̀ kí sátẹ́láìtì ó tó dé, bí wọ́n bá sì sọ pé omi ń bọ̀, ó ń bọ̀ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń bú ìkún omi. Àwọn tí ń sin màlúù ní ilẹ̀ yìí a máa gbàdúrà fún un, nítorí koríko tí ó bá hù lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ń mú ẹran sanra. Òdòdó a bo iyanrìn. Ọ̀pọ̀lọ́ tí ó ti sùn sínú amọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún a jí. Ẹja a kún inú adágún tí ó jẹ́ iyọ̀ lásán ní ọdún tí ó kọjá. Ẹyẹ òfú a sì ti etí òkun fò wá ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà láti wá pamọ síbẹ̀. Nígbà tí mo bá rí èyí, mo mọ̀ pé omi tí ó dí mi lọ́nà ní iṣẹ́ tí ó ju tèmi lọ láti ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ti tẹ̀dó sí Adelaide, Melbourne àti Brisbane, tí ẹ ń gba ìsinmi, tí ẹ sì ń fẹ́ mú ìyàwó àti ọmọ wo inú ilẹ̀ tí ẹ ń gbé yìí, mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ lọ, nítorí ojú tí kò bá rí aṣálẹ̀ kò tíì rí Ọsirélíà. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọjọ́ kún ọjọ́ ìsinmi yín, kí ìkánjú má baà tì yín kọjá pátákó. Ọ̀nà ni ohun ìní kan ṣoṣo tí gbogbo ará aṣálẹ̀ jọ ní, àti àgbẹ̀, àti aláìsàn, àti àgbélẹ́tà. Kò sí ẹni tí ó lè rà á, kò sì sí ẹni tí kò lè bà á jẹ́. Ẹni tí ó bá mọ èyí, tí ó sì dúró ní ọjọ́ méjì fún ilẹ̀ láti gbẹ, ti san owó orí ọ̀nà ju ẹni tí ó fi owó rẹpẹtẹ ra ọkọ̀ lọ, ó sì ti ṣe ẹni tí kò mọ̀ rí lóore.